Ọ̀rọ̀ Ìyànjú sí Ẹni Tó Ń Forí Sọ Rọ́bọ́ọ̀tì Ẹlẹ́gbẹ́ Rẹ̀ Lọ́jọ́ Ìdánrawò

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ fi páàdì tí ẹ fi ń darí rọ́bọ́ọ̀tì sílẹ̀. Ìwọ tó wà lẹ́yìn yẹn, yọ nǹkan etí rẹ. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí a ń fi orin gbọ́. Àwọn baba tó bí baba mi kò rí rọ́bọ́ọ̀tì rí, ṣùgbọ́n wọ́n rí ìwàkiwà, wọ́n sì ti ṣe òfin dè é kí ẹ tó dáyé. Àṣẹ òfin yẹn ni mo fi dìde lónìí, èmi bàbá àgbà tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ fà wá sí ìdíje FIRST Robotics ní ìpínlẹ̀ Texas, láti pe ẹjọ́ kan, láti gbọ́ ọ, láti dá a, kí n sì gba owó ìtanràn rẹ̀ sápò. Èmi nìkan ni ìgbìmọ̀. Ìgbìmọ̀ ti pé.

Ẹ̀sùn náà rèé. Pé ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìdánrawò, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò ka máàkì, tí ife-ẹ̀yẹ kankan kò sì sí lórí tábìlì, àwọn kan láàárín yín pa iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kan rọ́bọ́ọ̀tì wọn tì, wọ́n darí rẹ̀ kọ rọ́bọ́ọ̀tì ọmọ ọlọ́mọ, wọ́n sì gbá a láti àárín pápá dé ògiri. Wọn kò béèrè. Wọn kò kí i. Nígbà tí eré parí, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n ní àwọn ṣe dífẹ́ǹsì, ìyẹn dídí alátakò lọ́nà.

Dífẹ́ǹsì! A ó dé orí rẹ̀.

Kí n tó tẹ̀síwájú, mo rí àwọn òbí kan lẹ́yìn tí ojú wọn fi hàn pé wọ́n kàn wá gbé ọmọ lọ sílé ni. Ẹ súnmọ́, kí ẹ gbọ́ ohun tó ń gbé ọmọ yín dìde lóru láti oṣù kìíní. Onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Dean Kamen, ló dá FIRST sílẹ̀ lọ́dún 1989 ní ìpínlẹ̀ New Hampshire. Ìdíje àkọ́kọ́ wáyé lọ́dún 1992 nínú gbọ̀ngàn eré ìdárayá ilé-ìwé kan ní ìlú Manchester tó wà níbẹ̀. Ikọ̀ 28 ló kópa. Lónìí wọ́n ti lé ní 3,000. Lọ́dọọdún, nínú oṣù kìíní, wọ́n á ṣí eré tuntun sílẹ̀ fún gbogbo ikọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì á wá bẹ̀rẹ̀ sí gé àlúmínì, wọ́n á so wáyà, wọ́n á kọ kóòdù, wọ́n á bá oorun ṣọ̀tá, tó bá fi máa di oṣù kẹta, wọ́n ti gbé ohun tí wọ́n kàn dé pápá. Rọ́bọ́ọ̀tì mẹ́ta á wà ní ìhà pupa, mẹ́ta ní ìhà búlúù. Nínú eré ti 2025, ìṣẹ́jú méjì àbọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Fún ìṣẹ́jú-àáyá 15 àkọ́kọ́, kóòdù nìkan ló ń darí ẹ̀rọ; lẹ́yìn náà ni ọmọ yín á gbá páàdì mú, tí ojú rẹ̀ á sì yí padà di ti ẹni tí ẹ kò bí.

Ẹ̀rọ náà kì í ṣe ìṣeré ọmọdé. Ní 2025, ìwọ̀n tí òfin gbà kò ju páùn 115 lọ, ìyẹn nǹkan bíi kìlógíráàmù 52, láìka bátìrì àti bọ́ńpà mọ́ ọn. Bọ́ńpà yẹn, pákó ni lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n fi fọ́ọ̀mù tí ọmọdé fi ń léfòó nínú omi ìlúwẹ̀ẹ́ bò ó, wọ́n sì fi aṣọ pupa tàbí búlúù wé e. Ó rọ̀ lójú. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo ẹrù yẹn bá ń sáré mítà mẹ́rin láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí ó sì ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ, kò sí ẹ̀bẹ̀ tí fọ́ọ̀mù lè bá ọ bẹ̀ ẹ́.

Ó tó. Ẹ padà sáyè yín, ẹ̀yin òbí, ẹ má sùn.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bi ara yín léèrè ohun tí Ọjọ́bọ̀ wà fún. Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ tí oníbàárà lọ wọ aṣọ wò lọ́dọ̀ télọ̀. Apá ọ̀tún ti wọlé, píìnì ni wọ́n fi há apá òsì, ọrùn kò tíì ní ìlà. Ó dúró níwájú dígí, ó na ọwọ́, ó tẹ̀ ẹ́ padà, ó fẹ́ mọ ibi tó fún un. Ẹnì kan tó kàn ń kọjá lọ wá yà wọlé, ó di apá òsì yẹn mú, ó fà á ya, ó ní òun ń wò ó bóyá aṣọ náà lágbára ni. Ta ló pè é? Kí ló sì rí kọ́? Ó kọ́ pé píìnì kì í ṣe ìránṣọ. Télọ̀ ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bí i.

Mo jókòó wo àwọn ìdánrawò wọ̀nyí látàárọ̀, mo sì lè búra lé ohun tí mo rí. Nínú rọ́bọ́ọ̀tì mẹ́fà tó yẹ kó wà nínú pápá, ẹ ó rí méjì tó ń ṣe ohun tí wọ́n rán wọn. Ìkẹta kò rí Wi-Fi pápá. Iná kékeré aláwọ̀ ọsàn tó wà lára rẹ̀ ń tàn gbọnin láìṣẹ́jú, àmì pé ẹ̀mí wà nínú rẹ̀ ṣùgbọ́n kò tíì gba àṣẹ láti rìn. Ìkẹrin ń ya sí òsì nígbà tí ọmọ ní kó yà sí ọ̀tún, nítorí ẹni tó kọ kóòdù rẹ̀ fi oorun kọ ọ́ lóru àná. Ìkarùn-ún ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn aṣàyẹ̀wò, wọ́n ń gbé e lé ìwọ̀n. Àyè rẹ̀ ṣófo, àfi bí ikọ̀ mìíràn tó tò sí ìlà àwọn adípò bá wọlé. Ìkẹfà ni ìwọ, ọmọ mi, tí nǹkan kan kò ṣe rọ́bọ́ọ̀tì rẹ, tó wo gbogbo ìdààmú yìí yí ká, tó sì sọ fún ara rẹ̀ pé àyè ti ṣí sílẹ̀ láti gbá èèyàn.

Mo rí ọ. O ti òkú. Rọ́bọ́ọ̀tì tí kò rí Wi-Fi, tí kò lè yí táyà kan, ìwọ lo fi bọ́ńpà rẹ tì í títí tí ó fi kan ògiri, lo bá gbé apá méjèèjì sókè. Mo ti rí oríṣiríṣi akọni láyé mi, mo sì ti bá àwọn kan jẹun pọ̀, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí èyí tó ṣẹ́gun òkú tó tún ń wá àtẹ́wọ́.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ ò mọ ohun tí wọ́n fi jíǹkí yín. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí di 2019, nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ìkànrọ́bọ́ọ̀tì bá pé, dandan ni kí ikọ̀ kọ̀ọ̀kan gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sínú àpò ọ̀rá ńlá, kí wọ́n sì fi àmì onínọ́ńbà dè é lẹ́nu. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nba wákàtí tí òfin yọ̀ǹda, ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ kàn án mọ́ títí di ọjọ́ ìdíje. Olówó ti wá ọgbọ́n dá sí i: ó kan ẹ̀dà kejì sílé, ó ń fi ìyẹn dánra wò. Tálákà ń wo àpò. Láti 2020 ni wọ́n ti fagi lé òfin àpò, inú mi sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n òfin lè lọ kí àìní ṣì jókòó. Pápá odindi gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 54 lọ, ó sì fẹ̀ tó nǹkan bíi 27. Ilé-ìwé mélòó ló ní irú àyè bẹ́ẹ̀, tó tún rówó kan gbogbo ohun èlò eré sínú rẹ̀? Ọmọ ń bẹ tó jẹ́ pé kọ́rídọ̀ kíláàsì ló ti ń wa rọ́bọ́ọ̀tì rẹ̀ láti oṣù kejì, pẹ̀lú àga tí wọ́n to kalẹ̀ dípò ohun èlò. Bàbá rẹ̀ fi wákàtí márùn-ún wakọ̀ gbé e wá. Ọjọ́bọ̀ ni yóò kọ́kọ́ fojú kan pápá tòótọ́, ìwọ̀nba ìdánrawò díẹ̀ ni yóò sì rí kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìwọ gba ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa tí a dàgbà nígbà tí nǹkan ṣì lórúkọ, olè là ń pe ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀.

O ní kò sí nǹkan tó bàjẹ́. Ṣé o mọ̀? Ẹ jẹ́ ká gbé eré 2025 yẹn yẹ̀wò, èyí tí wọ́n pè ní Reefscape. Páìpù oníke funfun wà lára ẹrù tí wọ́n ń kó. Wọ́n á gbà á ní igun pápá, wọ́n á gbé e lọ fi kọ́ sórí àwọn ẹ̀ka kan láàárín, èyí tó ga jù níbẹ̀ sì ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ rọ́bọ́ọ̀tì ọdún náà fi ní ọrùn tó ń gùn sókè. Òfin dáàbò bo àyíká ibi ìkọ́ náà, alátakò kò gbọ́dọ̀ fara kàn ọ́ níbẹ̀. Nítorí náà ojú ọ̀nà láàárín igun àti ibi ìkọ́ ni ìjà wà. Ọmọ tí kò tíì mọ ìgbà tó yẹ kó sọ ọrùn ẹ̀rọ rẹ̀ kalẹ̀ á máa sáré lọ́nà yẹn tòun tọrùn lókè. Tí o bá gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà náà, wíwó ló máa wó.

Èyí tó wó sàn. Gbogbo ayé rí i, gbogbo ayé mọ ohun tó ṣe é. Èyí tó burú ni èyí tí kò wó. Bátìrì kan ṣoṣo ni òfin gbà fún rọ́bọ́ọ̀tì, fólítì 12. Nígbà tí ẹ̀rọ méjì bá forí gbárí tí wọ́n ń tira, àwọn mọ́tò tó ń yí táyà á máa fa iná mu bí wọ́n ṣe fẹ́, agbára bátìrì á sì máa já wálẹ̀. Tó bá já sísàlẹ̀ fólítì 7, kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí dá mọ́tò dúró kí òun alára má baà kú. Rọ́bọ́ọ̀tì á máa gbọ̀n, á dúró, á gbéra, á tún dúró. Ọmọ tó ń wà á kò tíì bá ẹnikẹ́ni tira rí, kò mọ ohun tí èyí jẹ́. Á rò pé kóòdù ni. Á padà sí ibùdó ìtúnṣe, òun àti àwọn méjì mìíràn á bẹ̀rẹ̀ sí tú kóòdù tí kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan wò, wọ́n á yí ibi tó dára padà, wọ́n á sì gbé ibi tí wọ́n bà jẹ́ yẹn wọ ìfigagbága gidi ní Ọjọ́ Ẹtì. Gbogbo èyí, ìwọ lo fà á, o sì ti lọ jẹun.

Ìwé òfin eré kò fara mọ́ ọ. Ní 2024, bí rọ́bọ́ọ̀tì kan bá há ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ mọ́ ibì kan, ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún ni wọ́n fún un. Ní 2025, wọ́n dín in kù sí mẹ́ta. Tó bá tú u sílẹ̀ tán, ó gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà jìnnà sí i kó tó tún lè padà wá há a. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ba ẹ̀rọ ẹlòmíràn jẹ́, tàbí tó mọ̀ọ́mọ̀ bì í ṣubú, ìyà ń bẹ fún un. Lọ́jọ́ ìdánrawò, rẹfirí alára ń dánra wò, ó ń kọ́ ojú rẹ̀ ní eré ọdún tuntun, fèrè kò sì fi bẹ́ẹ̀ yá. Ẹ ti ṣàkíyèsí ìyẹn. Ẹ̀yin tí iṣẹ́ àṣetiléwá kì í yé, ìyẹn yé yín kíákíá.

Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Mo gba àwíjàre. Ọmọkùnrin kan jáde wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì (mo kọ ìyẹn sílẹ̀ fún un gẹ́gẹ́ bí ohun rere), ó ní: “Bàbá, rọ́bọ́ọ̀tì wa kò lọ́wọ́. Èyí tí a kàn fún un já lánàá. Ohun tó kù tó lè ṣe kò ju kó sáré, kó sì tini lọ. Ní Sátidé, kápútẹ́nì mẹ́jọ ni yóò yan àwọn tí wọ́n jọ máa ṣe é títí dé òpin. Aláìlọ́wọ́ kò lè kó ẹrù. Dífẹ́ǹsì nìkan ló lè gbé wa wọlé. Tí a kò bá ṣe é kí wọ́n rí wa, ta ni yóò yàn wá?”

Ìgbìmọ̀ dákẹ́. Ìgbìmọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Òtítọ́ lọmọ yìí sọ, kò sì sí ẹ̀gàn nínú iṣẹ́ tó dárúkọ: nínú àwọn mẹ́ta tó gba ife-ẹ̀yẹ, lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnì kan wà tí kò kó ju ẹrù díẹ̀ lọ, tó kàn mọ ọ̀nà dí. Ṣùgbọ́n gbọ́, ọmọ mi. Àwọn tó ń gbé tábúlẹ́ẹ̀tì kiri lórí ìjókòó òkè, tí wọ́n ń kọ ohun tí rọ́bọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan ṣe sílẹ̀, ìfigagbága Ọjọ́ Ẹtì àti ti àárọ̀ Sátidé ni ìwé wọn dá lé. Níbẹ̀ ni kí o ti fakọ yọ. Ohun tí wọ́n máa rántí nípa rẹ ní Ọjọ́bọ̀ ni pé ìwọ lo gbá ẹni tí Wi-Fi rẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Kápútẹ́nì tó bá lórí pípé á sì ro ó síwájú: ìyà tí rẹfirí bá fi jẹ ẹnì kan, ìhà kejì ló ń gba máàkì rẹ̀. Ẹni tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró á fi gbèsè kó gbogbo ilé. Ẹni bíi tìẹ, àwọn kápútẹ́nì ń wò ó lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó mú un.

Yàtọ̀ sí èyí, ṣé ẹ kì í ka ìwé àtòjọ ni? Ní Ọjọ́ Ẹtì, kọ̀ǹpútà ló ń pín ikọ̀ sí ìhà pupa àti búlúù, kò sì bi ẹnikẹ́ni bóyá wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tí o gbá ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó lè jẹ́ òun gan-an ni yóò dúró sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ kejì, bọ́ńpà pupa lára tìrẹ, bọ́ńpà pupa lára tirẹ̀, tí ṣéènì ẹ̀rọ rẹ̀ tí o já ṣì wà ní jíjá, tí ọ̀nà kan ṣoṣo tí o fi lè borí sì jẹ́ pé kí ṣéènì yẹn yí. Kí lo máa bá a sọ? Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta?

Wàyí o. Ẹ̀yin tó ń mi orí láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin oníwà tútù, tí ẹ ti ń fi ojú àánú wo àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ yìí, ẹ dìde. Ó ku ẹ̀yin.

Mo mọ̀ yín. Ẹ gbà pé dífẹ́ǹsì fúnra rẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀. Bí ẹnì kan bá fara kàn yín ní ìfigagbága gidi, lábẹ́ òfin, lójú rẹfirí, ẹ̀yin á sáré lọ bá gbogbo ẹni tó bá wọ aṣọ òṣìṣẹ́, ẹ ó ní wọn kò ṣe yín jẹ́jẹ́. Ẹ máa ń dárúkọ Woodie Flowers nínú ọ̀rọ̀ yín. Èmi náà ti gbọ́ nípa rẹ̀: ọ̀jọ̀gbọ́n MIT ni, tó ti ń bá Kamen ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì fi ayé sílẹ̀ lọ́dún 2019. Ohun tó kọ́ wọn ni pé kí èèyàn jà fitafita láti borí, kó sì máa bọ̀wọ̀ fún ẹni tó ń bá díje, kó ràn án lọ́wọ́ pàápàá. Méjèèjì ló sọ pọ̀. Ẹ̀yin sáré di ìdajì mú, àwọn tọ̀hún di ìdajì tó kù, ẹ wá ń fi ìdajì-ìdajì na ara yín.

Rọ́bọ́ọ̀tì tí ẹnikẹ́ni kò tì rí kò tíì parí. Bí kò tilẹ̀ sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ, ọmọ tó ń wà á kò tíì parí. Mo ti rí èyí tó ń kó ẹrù lọ tó ń kó o bọ̀ láìṣìnà ní gbogbo Ọjọ́ Ẹtì, tí inú gbogbo ènìyàn ń dùn sí i. Ní ọ̀sán Sátidé, ẹnì kan kàn dúró sí ojú ọ̀nà rẹ̀. Kò gbá a o. Ó kàn dúró. Ọmọ náà gbìyànjú ọ̀tún, ó gbìyànjú ọ̀tún, ó tún gbìyànjú ọ̀tún. Ó wojú kóòṣì rẹ̀, kóòṣì wojú aago. Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé èèyàn lè yí ara po lára ẹni tó dí i, kó fi ẹ̀gbẹ́ yọ, tàbí kó kàn gba òsì. Ta ló yẹ kó ti kọ́ ọ? Ẹnì kan tó fẹ́ dí i lọ́nà ní Ọjọ́bọ̀, tí ọmọ náà kò sì gbà fún un.

Nítorí náà ìgbìmọ̀ pàṣẹ: ẹ máa béèrè.

Kò le. Ẹ ó wo àtòjọ ìdánrawò, ẹ ó rí ẹni tí ẹ jọ fẹ́ wọlé, ẹ ó fi ẹsẹ̀ ara yín rìn dé ibùdó ìtúnṣe rẹ̀. Ẹ má rán ẹni kékeré inú ikọ̀ yín. Ẹ ó kí wọn, ẹ ó ní: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìdánrawò kẹrin la jọ wà. Ṣé ẹ máa fẹ́ kí a dí yín lọ́nà díẹ̀?” Bí nǹkan bá ń lọ dáadáa fún wọn, wọ́n á ní: “Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo kóòdù ìbẹ̀rẹ̀ wa ná. Tó bá ku ìṣẹ́jú kan, ẹ máa bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbá wa tí ọrùn wa bá wà lókè.” Ó parí. Kò tó àkókò tí ẹ fi ń ya fọ́tò ara yín. Bí wọ́n bá sì ní rárá, rárá náà ni. Ẹ má fajú ro, ẹ má lọ máa sọ níbi ìlà oúnjẹ pé ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Rọ́bọ́ọ̀tì mìíràn ń bẹ.

Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ṣe é bẹ́ẹ̀, mi ò sì kábàámọ̀ owó ọkọ̀ òfuurufú mi. Títí ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn fi dé, ẹni tó fẹ́ ṣe dífẹ́ǹsì dúró sí igun tirẹ̀, ó ń dán bíréèkì ara rẹ̀ wò. Nígbà tó tó àsìkò, ó ṣí kúrò níbẹ̀, ó sì bọ̀ tìpá-tìpá. Kò ṣojú àánú rárá, èyí ló sì dùn mọ́ mi jù, nítorí ẹni tó bá ní kí o dí òun lọ́nà kò fẹ́ kí o wá fọwọ́ pa òun lórí. Wọ́n tira dé ibi ìkọ́, wọ́n tira padà. Bọ́ọ̀tù méjì bọ́ lára bọ́ńpà ẹni tí wọ́n ń dí, gbogbo ikọ̀ rẹ̀ sì hó yèè, nítorí pé ó bọ́ lónìí, kò dúró kó di ọ̀la. Bátìrì ẹni tó ń dí i lọ́nà já wálẹ̀, òun náà wá mọ̀ pé kò lè ti èèyàn ju báyìí lọ kí ẹ̀rọ tó dá a dúró. Lẹ́yìn náà mo rí àwọn awakọ̀ méjèèjì nílẹ̀ẹ́lẹ̀, sípánà kan láàárín wọn, ẹnì kan ń fi ọwọ́ júwe bí òun ìbá ṣe yọ.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ kù fún àwọn àgbà, máa sì sọ ọ́ wẹ́rẹ́, nítorí àgbà kì í fẹ́ kí a bá òun wí lójú ọmọ. Ìwọ kóòṣì tó dúró lẹ́yìn ọmọ tó ń wa ẹ̀rọ, tó ń sọ fún un wúyẹ́wúyẹ́ pé kó gbá a, kò sẹ́ni tó ń wò: èmi ń wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwọ bàbá tó wà lórí ìjókòó òkè, tó ń pariwo “Tì í! Tì í dànù!” Èdè wa lo fi pariwo, mo bá fi fìlà bojú. Èmi tí ẹ ń wò yìí, nígbà tí mo fẹ́ wọ ibùdó ìtúnṣe, ọmọbìnrin kan tí kò ju ọdún mẹ́rìndínlógún lọ dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kí n wọ awò ààbò lé awò ojú mi. Mo wọ̀ ọ́. Ó ní kí n ká apá agbádá mi kó má lọ kó sí ẹ̀rọ. Mo ká a, mo dì í mọ́ra, mo sì wọlé pẹ̀lú gbogbo iyì tó kù lára mi. Bí èmi bá lè gbàṣẹ lọ́wọ́ ọmọ yẹn, ìwọ kóòṣì lè gbọ́ nígbà tí ọmọ ikọ̀ rẹ bá sọ pé wọ́n ní ká má gbá àwọn.

Ìdájọ́ rèé. Ẹni tó bá gbá ẹlòmíràn láìbéèrè lọ́jọ́ ìdánrawò, òun ni yóò gbé àpótí irinṣẹ́ ara rẹ̀ lọ sí ibùdó ẹni tó gbá, kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí ohun tó bàjẹ́ yóò fi yí. Yóò yá wọn ní bátìrì tó kún. Kò gbọ́dọ̀ gbà wọ́n nímọ̀ràn. Ẹni tó ti òkú, yóò ṣe gbogbo èyí, yóò sì lọ wá òṣìṣẹ́ pápá tó mọ̀ nípa Wi-Fi wá fún wọn, yóò bá wọn dúró síbi tí wọ́n ti ń ṣe é, yóò dákẹ́. Aláìlọ́wọ́ tó dọ̀bálẹ̀, mo dá ìdajì ìyà rẹ̀ sílẹ̀. Ìdajì tó kù, kó fi wá ọwọ́ fún rọ́bọ́ọ̀tì rẹ̀. Ẹ̀yin oníwà tútù, ẹ ó jẹ́ kí ẹnì kan tì yín fún odindi ìṣẹ́jú kan kí Ọjọ́bọ̀ tó parí, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ fajú ro. Kóòṣì yóò máa ti kẹ̀kẹ́ tí a fi ń gbé rọ́bọ́ọ̀tì títí di ìrọ̀lẹ́. Bàbá tó wà lórí ìjókòó òkè, mo gba fèrè ọwọ́ rẹ̀.

Ẹni tí ìdájọ́ kò bá tẹ́ lọ́rùn lè pẹjọ́ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ kan náà lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Owó ìpẹjọ́ ni pízà, kí wàràkàṣì rẹ̀ má pọ̀ jù, nítorí inú mi. Ìyá ọmọ tó ti òkú ti gbé ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù wá pẹ̀lú dòdò, ó ní kì í ṣe nítorí ẹjọ́. Ìgbìmọ̀ ń yẹ̀ ẹ́ wò.